Agbára Oòrùn fún Iná àti Ooru Nínú Ilé

   Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ní alẹ́ òní ni bí agbára oòrùn ṣe lè pèsè iná mànàmáná àti ooru fún ilé gbígbé.

Nígbà tí mo sọ orí ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, ẹ̀rín ni ó fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Tíṣà, kí ni ẹ tún fẹ́ kọ́ wa nípa oòrùn? Àbí iná ìjọba ni ìyá yín fi ń gbẹ èlùbọ́?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá kò kúrò lọ́kàn mi. Òótọ́ ni ó sọ. Kí baba ńlá wa tó gbọ́ orúkọ iná mànàmáná ni wọ́n ti ń sá kókó sórí ẹní, tí wọ́n ń sá ata, tí wọ́n ń sá gbódó sórí àpáta, tí wọ́n sì ń sá aṣọ sórí okùn. Nítorí náà, n kò wá kọ́ ẹnikẹ́ni pé oòrùn lágbára. Ohun tí mo wá ṣàlàyé ni bí a ṣe lè mú agbára náà wọ inú ilé, kí á tọ́jú rẹ̀ di alẹ́, kí á sì mọ ìwọ̀n tí ó tó wa. Níbi ìwọ̀n yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọsẹ̀, èmi alára sì ti kọsẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti gbọ́ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Kò sí olùkọ́ kan nínú wa tí kò mọ bí ó ti ń rí nígbà tí iná bá lọ ní agogo méje alẹ́, tí ìwé iṣẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ogójì ṣì wà níwájú ẹni. Ẹ̀rọ amúnáwá ni a sá tọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye tí a ń ra lítà epo kan ti fò kọjá náírà 480, bẹ́ẹ̀ ni kò tó náírà 200 ṣáájú ìgbà náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná ìjọba fún àwọn oníbàárà tí a kà sí ìpele kìíní gòkè láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225 fún kìlówọ́ọ̀tì-wákàtí kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ń sá fún epo kò rí ibi ìsádi sí lọ́dọ̀ iná ìjọba. Kí á tó mẹ́nu kan owó pàápàá, èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ti sọ ilé púpọ̀ di ahoro. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín náà tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí a bá gbé ẹ̀rọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a sì ti fèrèsé, àwọn tí wọ́n sùn lè má jí mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ oòrùn kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì tàbí ti àṣà ìgbàlódé. Ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni.

Báwo ni agbára oòrùn ti pọ̀ tó? Oòrùn jìnnà sí ilé ayé tó nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń lo ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀ lójú ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọjọ́ bá mọ́ kedere ní ọ̀sán gangan, agbára tí ń bọ́ sórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú tó nǹkan bí wọ́ọ̀tì 1,000. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ tí kò tó ẹní méjì ń gba agbára tí ó tó láti mú áyọ́ọ̀nù kan gbóná. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ohun tí ń bọ́ sórí ìwọ̀n ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòjọ́ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí kìlówọ́ọ̀tì-wákàtí 3.5 ní etí òkun títí dé 7 ní òkè Ọya lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ Yorùbá kò rí tó ti àwọn ará òkè Ọya, nítorí òjò àti ìkúùkù, ṣùgbọ́n a rí tó. Orílẹ̀-èdè Jámánì, tí oòrùn rẹ̀ kò tó tiwa rárá, ń rí ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iná mànàmáná rẹ̀ lọ láti ara oòrùn. Bí ẹni tí ó ní ìkòkò kékeré bá ń se oúnjẹ yó, kò yẹ kí ẹni tí ó ní agbada máa sunkún ebi.

Ọ̀nà méjì ni à ń gbà mú agbára yìí wọlé. Èkíní ni láti sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná mànàmáná. Èkejì ni láti lo ooru rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ooru, láìsọ ọ́ di iná rárá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀, nítorí pé inú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni ọgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí fara pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí á mú ti iná ṣáájú. Ní ọdún 1839, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan tí ń jẹ́ Edmond Becquerel, ẹni ọdún 19, ṣàkíyèsí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí àwọn irin kan tí a rì bọ inú omi oníkẹ́míkà, iná díẹ̀ a máa ṣàn láti ara wọn. Ó rí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa nígbà náà. Ní ọdún 1905 ni Albert Einstein wá ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ a máa wá ní ẹyọ-ẹyọ bí èso, àti pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò ní àyè rẹ̀. Àlàyé yìí wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1921. Ṣùgbọ́n ọdún 1954 ni ohun tí a lè mú lò jáde. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson, ní ilé ìwádìí Bell ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi sílíkọ́nì ṣe pẹlẹbẹ kan tí ó sọ nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tí ó bá a di iná. Ní ọdún 1958, ọkọ̀ òfuurufú tí kò lẹ́nìyàn nínú, Vanguard 1, gbé irú pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ lọ sí ojú ọ̀run. Lónìí, páànẹ́lì tí à ń rà ní ọjà ń sọ nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún di iná, òmíràn a sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú pẹlẹbẹ náà? Láti inú yanrìn ni a ti ń rí sílíkọ́nì. A ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, a ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó sì fi èròjà díẹ̀ sí ojú rẹ̀ kan tí yóò fi ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní àníṣẹ́kù, a ó fi èròjà mìíràn sí ojú kejì tí yóò fi ní àyè òfìfo. Ẹnu ààlà ojú méjèèjì yìí dà bí ilẹ̀kùn ọjà tí kì í ṣí ju síbì kan lọ: ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ jáde kò lè gba ibẹ̀ padà. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ lù ú, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù a ta kúrò ní ìjókòó wọn, wọn a gba ẹnu ilẹ̀kùn náà kọjá, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó sì kù fún wọn láti padà sílé ni inú wáyà tí a fi so ojú kejì mọ́ ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n ti ń gba inú wáyà náà lọ ni wọ́n ń tan gílóòbù, tí wọ́n sì ń yí fáànù. Kò sí epo níbẹ̀, kò sí èéfín, kò sí ariwo, kò sì sí ohun tí ń yí tí yóò jẹ. Nítorí náà ni páànẹ́lì tí ó dára fi lè ṣiṣẹ́ fún ọdún 25.

Ṣùgbọ́n páànẹ́lì nìkan kò lè dá ilé tan. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ bá a kẹ́gbẹ́. Èkíní ni bátìrì, tí í ṣe àká tí a ń kó iná ọ̀sán sí de alẹ́. Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní kọ̀ntírólà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ṣọ́ ẹnu àká, kí iná má ṣe wọ bátìrì ní àwọ̀jù, kí á má sì ṣe fà á gbẹ. Ẹ̀kẹta ni ínfátà. Iná tí ó ti ara páànẹ́lì àti bátìrì wá ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n iná tí a fi ṣe àwọn ohun èlò ilé wa ń lọ, ó sì ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ínfátà ni ògbifọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi fún yín. Ọdún tí ọmọ mi obìnrin ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo pinnu pé ẹ̀rọ amúnáwá kò gbọdọ̀ dún mọ́ ní ilé mi. Mo kó owó tí mo gbà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fún ọkùnrin kan tí ń ta àwọn ohun èlò wọ̀nyí. N kò bi í ní ìbéèrè, òun náà kò sì bi mí. Ó kàn wí pé, "Bàbá, èyí yóò gbé gbogbo ilé." Ó gbé páànẹ́lì méjì àti bátìrì kan wá. Ní oṣù kìíní, ayọ̀ ni. Mo so fíríìjì mọ́ ọn, ìyàwó mi ń fi lọ aṣọ, a ń fi se omi tíì. Ní oṣù kẹfà, iná kì í dé agogo mẹ́wàá alẹ́ mọ́. Kí ọdún kan àti oṣù méjì tó pé, bátìrì náà ti kú pátápátá, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Àtùpà ni ọmọ náà fi kàwé. Mo bínú sí ọkùnrin náà títí. Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ tí mo fi bírò àti ìwé ṣe ìṣirò ni mo rí i pé ẹ̀bi náà pín sí méjì, ìdajì sì jẹ́ tèmi. Olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní ọ̀sán kò ṣe ìṣirò fún ilé ara rẹ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ mú ìwé, kí á jọ ṣe é. Wọ́ọ̀tì ni ìwọ̀n bí ohun èlò kan ti ń fa iná tó. Bí a bá fi iye wákàtí tí a lò ó sọ ọ́ di púpọ̀, a ó rí wọ́ọ̀tì-wákàtí, èyí tí í ṣe àpapọ̀ ohun tí ó jẹ. Ẹ jẹ́ kí á mú ilé olùkọ́ kan tí ó ní gílóòbù 6, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wọ́ọ̀tì 9. Bí wọ́n bá tàn fún wákàtí 5, ìyẹn jẹ́ 270. Fáànù 2, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wọ́ọ̀tì 60, fún wákàtí 8: ìyẹn jẹ́ 960. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí ó jẹ́ wọ́ọ̀tì 80 fún wákàtí 4: 320. Ẹ fi 50 kún un fún tẹlifóònù alágbèéká gbogbo ará ilé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wọ́ọ̀tì-wákàtí 1,600 lóòjọ́.

Nítorí pé iná a máa ṣòfò nínú wáyà, nínú bátìrì àti nínú ínfátà, ẹ jẹ́ kí á wá 2,000. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá kó gbogbo oòrùn ọjọ́ kan jọ, a lè kà á sí wákàtí 4 tí páànẹ́lì fi ń ṣiṣẹ́ ní kíkún. Ẹ fi 4 pín 2,000. Ó di wọ́ọ̀tì 500. Nítorí ìgbà òjò, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ di 600, èyí tí í ṣe páànẹ́lì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wọ́ọ̀tì 300.

Ti bátìrì ńkọ́? Bí a bá lo gbogbo rẹ̀ tán ní alẹ́, yàtọ̀ sí ti tẹlifóònù, a ó fẹ́ 1,550. Bátìrì olójèé, irú èyí tí a ń bu omi sí tàbí èyí tí a dì pa, kò fẹ́ kí á lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí á tó tún gbaná sí i. Ẹni tí ó bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́ ń gbẹ́ sàréè rẹ̀ ni. Nítorí náà, bátìrì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólítì 12, tí ó sì jẹ́ oní-150, ni yóò tó ilé náà. Bátìrì onílítíọ́ọ̀mù wọ́n jù ú lọ ní ọjọ́ tí a bá rà á, ṣùgbọ́n a lè lo ohun tí ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ láìṣe é ní jàǹbá, ó sì lè lo ọdún mẹ́wàá níbi tí olójèé ti ń lo mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ kò rí i pé òpò ni kò jẹ́ kí á mọ ọ̀wọ́n.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Áyọ́ọ̀nù wọ́ọ̀tì 1,000 tí ìyàwó mi lò fún wákàtí kan jẹ iná tí fáànù kan ìbá fi yí fún wákàtí 16. Ẹ̀rọ tí a fi ń se omi tún jù ú lọ. Kì í ṣe bátìrì ni ó kú. Àwa ni a pa á.

Ibí yìí ni ọ̀nà kejì ti wọlé, ìyẹn ọ̀nà ooru. Bí a bá fẹ́ mú omi garawa kan, lítà 20, gbóná láti dígírì 25 dé 50, yóò jẹ nǹkan bí wọ́ọ̀tì-wákàtí 580. Iná tí ó tó láti tan gílóòbù kan fún wákàtí 64 ni a dà sí ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn! Ohun tí ó sì jọ ni lójú jù ni pé ooru ni oòrùn gbé wá, a sọ ọ́ di iná, a pàdánù ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lójú ọ̀nà, a sì tún sọ ìyókù padà di ooru. Ó dà bí ẹni tí ó ní iṣu nílé, tí ó gbé e lọ sí ọjà, tí ó tà á ní ẹ̀dínwó, tí ó sì tún fi owó náà ra iṣu bọ̀ wálé.

Àwọn tí wọ́n gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà tipẹ́. Ní ọdún 1767, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Horace-Bénédict de Saussure, kan àpótí kan, ó fi dígí bò ó ní ìpele-ìpele, ó gbé e sí oòrùn; inú àpótí náà gbóná gan-an. Àṣírí rẹ̀ ni èyí: dígí a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ tí a sì gbé sí oòrùn mọ ohun tí mo ń wí. Ní ọdún 1891, Clarence Kemp ti ìlú Baltimore gba ìwé àṣẹ lórí àwọn táǹkì omi tí a kùn ní dúdú, tí a kó sínú àpótí onídígí. Àbùkù rẹ̀ ni pé omi náà ń tutù ní òru. Ní ọdún 1909, William Bailey ti ìpínlẹ̀ California ya táǹkì sọ́tọ̀ kúrò lára àpótí, ó wé e dáadáa kí ooru má baà sá lọ, ó sì gbé e sókè ju àpótí lọ. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ. Nítorí náà, omi tí ó bá gbóná nínú páìpù àpótí a gòkè lọ sínú táǹkì fúnra rẹ̀, omi tútù a sì sọ̀kalẹ̀ wá gba àyè rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ń fà á, kò sí iná. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gba ìdajì ooru tí ó bá bọ́ sórí rẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Ní ìlú Niamey, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ọ̀jọ̀gbọ́n Abdou Moumouni, ọmọ bíbí ilẹ̀ Nìjẹ̀, darí ilé ìwádìí agbára oòrùn tí ìjọba wọn dá sílẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ agbóminá oòrùn níbẹ̀ fún ìlò àwọn ará ìlú. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì ìlú náà ń jẹ́ lónìí. Ní ilẹ̀ Israel, òfin ti wà láti ọdún 1980 pé ilé gbígbé tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ agbóminá oòrùn. Ní ọdún 1979, ààrẹ Jimmy Carter gbé 32 irú rẹ̀ sórí òrùlé ilé ìjọba Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1986, lábẹ́ ààrẹ tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tú wọn kúrò. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìyẹn fún wa: ohun tí ìjọba kan gbé dúró, òmíràn lè wó o, ṣùgbọ́n ohun tí ará ìlú bá mọ̀ tí wọ́n sì ń ṣe nínú ilé wọn kì í tètè parẹ́.

Bí ẹnìkan kò bá tilẹ̀ lágbára láti ra ẹ̀rọ, ó lè gbé garawa tàbí agolo ńlá tí a kùn ní dúdú sí oòrùn láti òwúrọ̀, kí ó fi dígí bò ó. Omi ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́ àwọn ọmọ ti délé nìyẹn. Ìyá tí ń sá èlùbọ́ náà lè rí èrè níbẹ̀. Àpótí onídígí tàbí oní-ọ̀rá funfun, tí a lu ihò afẹ́fẹ́ sí nísàlẹ̀ àti lókè, a máa gbẹ nǹkan kíá ju orí àpáta lọ. Eruku kò ní í bà á, ewúrẹ́ kò ní í jẹ ẹ́, òjò òjijì kò sì ní í pa á. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nìkan: oúnjẹ tí ó pẹ́ kí ó tó gbẹ a máa hu èbu, oró tí ó sì wà nínú èbu kan kò ṣeé fi ojú rí.

Mo mọ ìbéèrè tí yóò wà lẹ́nu yín. Ẹnìkan yóò wí pé, "Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́?" Páànẹ́lì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìkúùkù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ a dínkù púpọ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ará ilé yóò dín ìlò kù, bí a ti ń dín omi kù nígbà tí kànga bá fà. Ẹlòmíràn yóò wí pé ó wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ní ọdún 1977, páànẹ́lì tí ó lè mú wọ́ọ̀tì kan ṣoṣo wá ń gba nǹkan bí dọ́là 76. Lónìí, kò tó dọ́là kan. Ẹni tí kò bá lè ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gílóòbù àti tẹlifóònù, kí ó sì máa fi kún un. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀kẹta yóò bi mí bóyá mo ní kí ìjọba káwọ́ gbera ni. Rárá o. Ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ńlá nílò iná tí ó ju ti orí òrùlé lọ. Àwọn ará wa ní Pobè, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí èdè wa ti ń dún, mọ èyí: ní Illoulofin, ní agbègbè wọn, ni ìjọba Benin ti ṣí ibùdó iná oòrùn onímẹ́gáwọ́ọ̀tì 25 ní ọdún 2022. Togo ti ṣí ti Blitta, onímẹ́gáwọ́ọ̀tì 50, ní ọdún 2021. Ní ọdún 2019, yunifásítì Bayero ní Kano gba tirẹ̀. Ojúṣe ìjọba wà, ojúṣe wa náà sì wà.

Kí n tó sọ̀rọ̀ kásẹ̀, ìkìlọ̀ díẹ̀. Ẹ kọ ojú páànẹ́lì sí gúúsù, nítorí pé apá àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni a wà. Ẹ jẹ́ kí ó dà díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òjìji igi bọ́ sórí rẹ̀, nítorí pé òjìji kékeré lè dá iṣẹ́ púpọ̀ dúró. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu eruku rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ẹ gbé bátìrì sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Bí bátìrì olójèé bá sì kú, ẹ má ṣe dà á sí ààtàn, ẹ má sì ṣe tà á fún ẹni tí yóò fọ́ ọ sẹ́yìnkùlé, nítorí pé òjé jẹ́ májèlé tí ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Ẹ gbé agolo méjì wá sí kíláàsì, ẹ kun ọ̀kan ní dúdú, ẹ kun èkejì ní funfun, ẹ bu omi kan náà sí wọn, ẹ fi dígí bò wọ́n, kí ẹ sì gbé wọn sí oòrùn láti agogo mẹ́wàá. Kí àwọn ọmọ wọn ooru omi náà ní wákàtí wákàtí, kí wọ́n sì yà á sórí ìwé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí ẹ bá padà sílé ní ìsinmi, ẹ bá àwọn òbí yín ka iye wọ́ọ̀tì tí ó wà lára ohun èlò ilé, kí ẹ sì ṣe irú ìṣirò tí a jọ ṣe ní alẹ́ yìí kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni. Igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Oníṣòwò kò lè fi irọ́ tan ilé tí ọmọ wọ́n mọ ìṣirò.

Ní ti ọmọ mi, ó yege ìdánwò náà, ọpẹ́ ni fún Olódùmarè. Ṣùgbọ́n kò tí ì gbàgbé àtùpà náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jókòó tì mí nígbà tí mo ń ṣe ìṣirò ẹ̀ẹ̀kejì, òun ni ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ìwé náà ṣì wà lára ògiri wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà. Ìyá àgbà tí mo sọ níṣàájú wá wò ó ní ọjọ́ kan. Ó wo gílóòbù tí ń tàn, ó wo òkùnkùn tí ó bo àdúgbò, ó ní, "Èyí tí ó ń gbẹ èlùbọ́ wa náà nìyí?" Mo ní, "Òun náà ni, Màmá." Ó ní, "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lò."